Ìkòkò Kẹjọ

Ọjọ́ tí ojú Fàsílátù àti ti Jìbírílù kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, èrò tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ìjokò pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Àwọn olóbì ń ti apẹ̀rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń kígbe pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kọjá, ọmọ ń ké, ewúrẹ́ ń ké. Fàsílátù ru ẹrù aṣọ aró tó fẹ́ gbé lọ sí Agége. Bó ti gbé ojú sókè báyìí, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, tó gbá ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkùnrin náà ń wò ó. Kì í ṣe ìwò ẹni tó ń wá ọ̀nà. Ìwò ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ ni.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ. Fàsílátù ṣì dúró, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín ti lọ," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ dí ẹnu ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sí i lójú. Ọdún 1934 nìyẹn. Télọ̀ ni, Jìbírílù ọmọ Ìyádùnní ti Ojú Ore ní Ọ̀tà, ó ń ti Èkó bọ̀ níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́. Kí ọdún tó yí po, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aṣọ tí Fàsílátù bá rẹ láró, Jìbírílù ni yóò rán an, àti pé àwọn méjèèjì yóò fẹ́ra. Oríkì rẹ̀ ló máa ń pè é, Àbẹ̀kẹ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ gbígbóná fún ọmọdé.

Ta ni ì bá sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ tó gbá ẹ̀rọ mọ́ra yẹn, òun Fàsílátù ni yóò dè é, tí kò ní lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́?

*

Ọmọ ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ Àmọ̀dá, ọkùnrin tó ń wọn èkùrọ́ tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn oníṣòwò òyìnbó, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Fàsílátù ní Ojú Ore. Láàárọ̀, ọmọ náà ń sáré kiri. Lọ́sàn-án, ara rẹ̀ gbóná. Kí wọ́n tó kírun mọ̀gàríbì, ó ti tán. Obìnrin kan wá ní òun rí Fàsílátù ní ọ̀sán gangan ọjọ́ náà, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́yìnkùlé, tó ń sọ nǹkan sí i létí. Ó tó láti pè é ní àjẹ́. Aró ti sọ àtẹ́lẹwọ́ Fàsílátù di dúdú láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àwọn èèyàn wò ó bí ẹni pé wọn kò rí i rí.

Wọ́n pe àwọn àgbà jọ. Fàsílátù kò bẹ̀rù, nítorí ó mọ ibi tí òun wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìsọ̀ Jìbírílù ló wà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn nítorí oòrùn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ wọn àkọ́kọ́.

"Jìbírílù," ni olórí àwọn àgbà wí, "ọmọbìnrin yìí ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun wà. Ṣé o rí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

Ìyádùnní dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Jìbírílù wo ilẹ̀. "N kò rí i," ló wí.

Ìkòkò méje ni Fàsílátù ní. Wọ́n fọ́ méjèèje. Aró ṣàn gba ojú ọ̀nà, ó kọjá níwájú ìsọ̀ Jìbírílù. Kò jáde wò ó.

*

Fàsílátù kó lọ sọ́dọ̀ Àdìzát, àbúrò ìyá rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìyẹ̀sí, lójú ọ̀nà Ìdírókò. Odidi ogójì ọjọ́ ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ó mú ẹ̀wù kan tí Jìbírílù gbàgbé sọ́wọ́ rẹ̀, tí òórùn òógùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Adó-Odò.

Oníṣègùn kan ń gbé níbẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, Abórìṣàdé lorúkọ rẹ̀. Igi yí ilé náà ká débi pé ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀ láti àárọ̀. Fàsílátù kò tíì kí i tán tó fi sọ̀rọ̀.

"Jókòó. Gbé ẹ̀wù yẹn sílẹ̀ fún mi."

Fàsílátù kò tíì ṣí àpò.

Bàbá náà kò bi í ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbóòórùn ọrùn ẹ̀wù náà, ó mi orí, ó wọ yàrá. Fàsílátù gbọ́ tó ń lọ nǹkan lórí ọlọ. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń béèrè nǹkan. Ó sì gbọ́ ohùn kejì tó ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíì nínú ilé náà. Nígbà tó jáde, ẹ̀wù ti di nǹkan kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, tí wọ́n fi okùn dúdú wé.

"Ra ìkòkò kan. Ri èyí mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí o po aró lé e lórí. Bí aró náà bá ti ń jí, ọwọ́ yẹn yóò máa sùn."

"Ṣé ó máa kú ni, Bàbá?"

"Ọwọ́ ni mo wí. Ṣé ikú lo wá bẹ̀ mí sí?"

Fàsílátù gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ nìkan ló lè tú u. Ọwọ́ rẹ ni yóò fọ́ ìkòkò náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Wọ́n máa bẹ̀ ọ́. Má fọ́ ọ nítorí ẹ̀bẹ̀. Bí o bá fọ́ ọ tí inú rẹ ṣì korò, ara tìrẹ ni aró yẹn máa ṣàn wọ̀."

*

Aró kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí agbára rẹ̀ tó tán, kí wọ́n sì dà á nù. Tinú ìkòkò yìí kò tán. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ igbá tí wọ́n fi bò ó, bí ohun tó ń mí. Aṣọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde máa ń dúdú, á máa dán, débi pé àwọn obìnrin ń ti Ìfọ̀ àti Agége gbé aṣọ wá. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè é, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí yóò ṣí igbá náà tí kò ní rí i pé ìfòfó aró ti ta jọ bí ìka márùn-ún. Yóò fi ọ̀pá rò ó, ìka náà yóò túká. Bó bá bò ó, tó tún ṣí i, wọ́n ti padà dé.

Àwọn oníbàárà ló ń gbé ìròyìn wá láti Ọ̀tà.

"Ẹ ò gbọ́ nípa télọ̀ Ojú Ore yẹn?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ìka rẹ̀ ń ká jọ. Abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣòkòtò tó rán fún ọkọ mi, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Bàbá wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ, gbogbo èèyàn ń bá a kẹ́dùn pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í tiro."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fàsílátù náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó lọ jókòó lẹ́yìnkùlé, ó dúró kí ayọ̀ dé. Ayọ̀ kò dé. Ìwò ọjọ́ Ìjokò yẹn nìkan ló dé.

*

Ohun tó ń lọ ní Ojú Ore lásìkò náà, ẹ̀yìn ni Fàsílátù tó gbọ́ ọ. Ìyádùnní ti mú ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn mẹ́ta. Wọ́n fún un ní àgbo mu, wọ́n so ońdè mọ́ ọn lápá, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìka ń ká jọ síbẹ̀. Ní ìkẹyìn, ó gbọ́ nípa ààfáà kan lẹ́yìn Ìfọ̀, ọkùnrin tí kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Ààfáà náà tẹ yanrìn, ó sì pa á rẹ́ kíá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí yanrìn náà tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Omi kan ló dè é," ló wí. "Omi yẹn náà ni kó fi fọ ọwọ́ rẹ̀, àárọ̀ méje. Kí ẹni tó ni omi má mọ̀. Bí o bá ti bù ú tán, má kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò."

Ó kọ nǹkan sára ẹyin kan, ó nà án sí i. "Kí èyí wọ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ni omi. Ojú tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ yóò ṣú."

Ìyádùnní kò béèrè ẹni tó ni omi. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ló wá sílé Fàsílátù, nígbà tí gbogbo abúlé lọ kírun. Ìkòkò méjì ló bá lẹ́yìnkùlé, wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, igbá bo méjèèjì. Kò ṣe iṣẹ́ aró rí láyé rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn ló bu.

*

Fàsílátù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá ipasẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ni. Méjèèjì kọjú sí ìkòkò. Kò sí ọ̀kan tó kọjú síta.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn Àdìzát lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló sin ẹyin síbí?" Ẹsẹ̀ Àdìzát ti ré e kọjá kó tó rí i. Lẹ́tà Lárúbáwá yí ẹyin náà ká bí èèrà.

Lọ́jọ́ kejì, Àdìzát jókòó nínú oòrùn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Fàsílátù," ló wí, "kí ló dé tí ilẹ̀ tètè ṣú lónìí?"

Ọ̀sán gangan ni.

Fàsílátù fi omi tútù fọ̀ ọ́ lójú títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ojú náà mọ́ gaara, kò ní ìpín, kò pọ́n, kò kàn ríran ni. Ọjọ́ kẹta, adìyẹ méjì kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ọjọ́ kẹrin, Àdìzát di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo rì sábẹ́ ìkòkò yẹn?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ yín lójú."

"Mo bi ọ́ léèrè. Láti ìgbà tí n kò ti ríran ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ló ń sunkún nínú rẹ̀."

*

Ìyádùnní padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnu ọ̀nà ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, kò wé gèlè, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ.

"Fàsílátù, ọmọ mi, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Dárí jì í."

"Ẹ dìde, Màmá. Kí ló ṣe fún mi?"

"Ohun yòówù tó bá ṣe. Ọlọ́run ló ní ká máa dárí jini."

"Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Kí ni kí n dárúkọ?"

"Ohun tí ẹ fẹ́ kí n dárí rẹ̀ jì í. Ẹ pè é lórúkọ, kí n lè mọ ohun tí mò ń fi sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Wo ara rẹ, ara rẹ le, iṣẹ́ rẹ ń lọ, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ọ. Kí lo tún ń wá? Obìnrin tó bá níwà a máa gbàgbé nǹkan."

"Ká ní èmi gbàgbé, Ojú Ore ò gbàgbé. Bí mo bá kọjá níbẹ̀, àwọn ìyá ṣì ń fa ọmọ wọn wọlé."

"Ìyẹn ò kan ọwọ́ ọmọ mi."

"Òun gan-an ló kàn, Màmá."

Ìyádùnní dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọn ò kúkú purọ́ mọ́ ọ lọ́jọ́ náà," ló wí, ó sì lọ.

Fàsílátù gbé ọmọ odó, ó lọ dúró ti ìkòkò, ó ṣí igbá orí rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú Àdìzát ń dùn ún. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ìwà rere, kó ṣe é, kó parí. Ó gbé ọmọ odó sókè. Ó wá inú ara rẹ̀ wò: gbogbo rẹ̀ korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìka márùn-ún orí aró náà nà díẹ̀díẹ̀ síhà ibi tó dúró sí, bí ọwọ́ tó fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó sọ ọmọ odó kalẹ̀.

*

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni Jìbírílù fúnra rẹ̀ dé. Fàsílátù ń yọ aṣọ láró nígbà tó gbójú sókè tó rí i lẹ́nu ọgbà. Ó ti gbẹ. Ó fi aṣọ àlòkù wé ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé wọn mọ́ àyà bó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà kan rí. Fàsílátù ti ń ro ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún un láti ọdún mẹ́ta. Aṣọ ọwọ́ náà ló tọ́ka sí.

"Tú u, kí n wò ó."

Nígbà tí aṣọ ṣí, Fàsílátù sún mọ́ ọn. Ìka ti ká jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bani lẹ́rù kọ́ nìyẹn. Awọ ọwọ́ náà ti bó, ẹran pupa hàn.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi inú ìkòkò rẹ. Màámi ló bù ú wá. Wọ́n ní kí n fi fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ méje."

Fàsílátù wo ọwọ́ tirẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń ki í bọ aró, aró kò bó o rí. Ó wá yíjú sí ìkòkò kejì.

"Aró kọ́ ni wọ́n bù. Omi eérú ni, èyí tí mo ń sẹ́ kí n tó po aró. Awọ ewúrẹ́ gan-an ló máa bó. Ṣé kò ta ọ́ ni?"

"Ó ta mí."

"Láti ọjọ́ kìíní?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Kí ló wá dé tí o kò yọ ọwọ́?"

Jìbírílù wo ilẹ̀, ó sì gbójú sókè padà, bí ẹni tó rántí nǹkan. "Mo rò pé ohun tó tọ́ sí mi ni."

Àdìzát ti jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. "Ta nìyẹn?"

"Jìbírílù ni, Ìyá," ni ọkùnrin náà wí. Ó kúnlẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi í. "Ó dára tí ẹ jáde, kí ẹ lè gbọ́. Fàsílátù, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ Àmọ̀dá kú, ìsọ̀ mi lo wà. Orí àpótí lo jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. O ní bó bá jẹ́ obìnrin, ká sọ ọ́ ní Mùíbátù. Mo rí ọ. Wọ́n bi mí, mo ní n kò rí ọ. Màámi kọ́ ló purọ́ náà, èmi ni. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má pè mí ní ọkọ àjẹ́."

Fàsílátù wá ìkorò náà nínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá eyín tó ti yọ. Àyè rẹ̀ ló bá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́.

Ó gbé ọmọ odó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lù ú. Ìkòkò là, aró tú jáde gbàà, ó ń bọ̀ tààrà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kàn án, ó pín sí méjì, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó lọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí, wọn kò bá ẹ̀wù, wọn kò bá okùn.

"Oòrùn yìí mà pọ̀ o," ni Àdìzát wí, ó sì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

*

"Àbẹ̀kẹ́," ni Jìbírílù wí nígbà tí ilẹ̀ ti fa aró náà mu tán, "jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

"Fàsílátù ni kí o máa pè mí."

"O ò tíì dárí jì mí nìyẹn."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ìkòkò tó ń bọ́ mi ni mo fọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wò mí kó ní òun kò rí mi, n kò lè máa jí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, kí n máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó rí mi lónìí." Ó gbé ọmọ odó ti ògiri. "Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ débi pé mo jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí nǹkan ṣẹ́ kù fún èmi náà."

Jìbírílù ní kó bá òun mú nǹkan kan nínú àpò ẹ̀wù òun. Lẹ́tà ni.

"Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́. Ohun tí mo sọ tán yìí ló wà nínú rẹ̀, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀."

Fàsílátù fi í sáàárín àwọn ìka rẹ̀ padà. "Èmi mọ ibi tí mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀ ń bẹ ní Ojú Ore."

Wọ́n rìn lọ, Jìbírílù níwájú, Fàsílátù lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò, àwọn ìyá fa ọmọ wọn wọlé bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyádùnní jáde, ó dúró sáàárín ọ̀nà.

"Jìbírílù, bí ìwé yẹn bá dé ibẹ̀, àwa ni wọ́n máa lé."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí lọ́nà."

Ìyádùnní ò ṣí. Ọmọ rẹ̀ rọra yà á kọjá.

Àmọ̀dá jókòó níwájú ilé rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun láàárín ọdún mẹ́ta. Bó ti rí Fàsílátù, ó dìde.

"Kí lo wá ṣe nílé mi?"

Fàsílátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Jìbírílù ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ jẹ́ fún yín. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ ẹ."

Jìbírílù na lẹ́tà náà. Àmọ̀dá dì í mú, ó fà á, kò wá. Kì í ṣe pé Jìbírílù fẹ́ dá a dúró. Ìka rẹ̀ ni kò tíì rántí bí a ti ń ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò ti fọ́. Àmọ̀dá wo ọwọ́ bíbó náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń ṣí ọwọ́ ọmọ tó sùn lọ pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́.

Fàsílátù dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán nínú oòrùn, níbi tí Àmọ̀dá yóò ti rí i dáadáa bó bá gbójú sókè. Ìka tó kẹ́yìn ṣí. Lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ Àmọ̀dá.